Ummu Kò Mọ "Ẹ" Yàtọ̀ sí "O"

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Kàdírì, inú ń bí mi débi pé n kò kí i. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, nílùú Ìlọrin, ti ń jẹ pépà láti àárọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò síta, wọ́n ń kùn. Ọmọ mi, Ummu-Kulthum, ti kó gbogbo báírò orí káńtà sílẹ̀, ó ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà.

Kàdírì ni wọ́n ní kó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó rọra gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí àwọn báírò, kò tẹ ẹyọ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Kí lorúkọ ẹ?" ni Ummu wí.

Mo mí kanlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ohun tí o bá sọ fún un ni yóò sọ padà fún ọ. Dókítà pè é ní ọ́tísíìmù. Bàbá rẹ̀ pè é ní àfọwọ́fà mi, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù, bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa káàánú mi, méjèèjì ló sú mi.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dáhùn. "Àbdùlkàdírì lorúkọ mi. Kàdírì ni wọ́n ń pè mí."

Kò sẹ́ni tó dá ọmọ mi lóhùn rí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ yá tán, Kàdírì kò dẹ́kun wíwá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó mú ìyá rẹ̀, Àlájà, wá kí mi nílé ní Basin. Mo wẹ Ummu, mo fi híjáàbù sí i lórí, ó já a jù nù, mo tún fi sí i.

"Kúnlẹ̀, Ummu."

"Kúnlẹ̀, Ummu," ni òun náà wí, ó dúró ṣánṣán.

Àlájà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọmọ mi, ṣé o wà dáadáa?"

"Ọmọ mi, ṣé o wà dáadáa?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àlájà. "Èmi ni ọmọ ẹ?"

"Èmi ni ọmọ ẹ?"

"Àsìtàgàfúrúláì! Ìwọ ọmọ yìí, o ò lẹ́kọ̀ọ́!"

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò lẹ́kọ̀ọ́!" Ohùn Àlájà gan-an ni Ummu fi sọ ọ́.

Àlájà kò jókòó mọ́. Ìta ló ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n gbọ́: "Fẹ́ ìyá, n kò kọ̀. Ọmọ yẹn kò níí wọlé mi. Kí wọ́n mú un lọ fún ẹbí ìyá rẹ̀ lóko."

Kàdírì wọlé, ó ń họrí. "Hamidat, olólùfẹ́ mi, fún mi láyè, màá bá wọn sọ ọ́."

"Kí lo fẹ́ sọ? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣàlàyé, ẹnu mi ti bó! Ẹni tí ò bá lè gba ọmọ mi, kó má wulẹ̀ fẹ́ èmi náà. Máa lọ sílé ìyá ẹ!"

Ó lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá lára mi, ó tẹrí ba fún Ummu. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"O ń fi ọmọ mi ṣẹlẹ́yà?" ni mo pariwo.

"Rárá o. Hamidat, iṣẹ́ wa rèé. Ohun téèyàn bá tẹ́ sínú ẹ̀rọ ló ń gbé jáde. Gbogbo wa là ń sọ 'o' fún un, ibo ni kó ti rí 'ẹ'?"

Èmi ìyá rẹ̀! Orúnkún ọmọ ni mo ń bá jà láti ọjọ́ yìí, n kò ro ti ẹnu ara mi. Ó tún wá dùn mí pé òun ló kọ́kọ́ rí i.

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, mà!" "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya pépà mọ́, orí ń fọ́ mi!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, àwọn náà ń kí ọmọ ọdún mẹ́fà bí ẹni kí ìyá àgbà.

Lọ́jọ́ kan, Àlájà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì káàdì ọsibítù. Irọ́ ni, ó wá wò wá ni. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Ummu gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Mo di káńtà mú. Àlájà wò ó, ó wò ó. "A dúpẹ́," ló wí, ó yí padà, ó gbàgbé káàdì rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí ẹbí mi pé kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Kò sọ nǹkan kan nípa Ummu, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ yìgì, Àfáà kọjú sí Kàdírì. "Ṣé o gba Hamidat ní aya?"

"Ṣé o gba Hamidat ní aya?" ni Ummu ké lórí ẹsẹ̀ mi.

Àfáà fajú ro. "Ọmọ ta nìyí? Kàdírì, èmi ni kí o dá lóhùn."

Ojú tì mí, inú tún bí mi, mo ti ń gbé ọmọ mi dìde kí n máa gbé e jáde. Àlájà ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Àfáà, ẹ ṣe sùúrù. Ọmọ-ọmọ mi ni. Kàdírì, Ummu ló bi ọ́ léèrè, dá wọn lóhùn."

Kàdírì yíjú sí Ummu, ó tẹrí ba. "Mo gbà, mà."

"Mo gbà, mà," ni Ummu wí.