Àwọn Ìyá Ìbejì ti Mọ́níyà

Ìgbà tí Akíndúró kọ́kọ́ rí Fúnlọ́lá, kọ̀ǹpútà ló ń kí. Akíndúró wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní àdúgbò Challenge bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn bi ẹ̀rọ AI léèrè bí ọjà ṣe ń tà, tí ẹ̀rọ á sì ya ìdáhùn ní àwòrán. Ọmọge pupa tó ní èjí yìí, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mọ́níyà, tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lọjà wa?"

"Ẹ̀rọ lásán ni o," Akíndúró wí.

"Ẹni tí mo fẹ́ bi ní nǹkan, ṣé n ò ní kọ́kọ́ kí i ni?"

Ó tán. Láti ọjọ́ náà ni Akíndúró ti ń wá ìdí tí yóò fi wọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà. Fúnlọ́lá náà ńkọ́? Ẹ bá mi bi í, ìgbà wo ni wọ́n ti ń lé tìróò lọ sí ìdí àpò oúnjẹ adìyẹ?

Àfi bí ọ̀gá wọn, Alàgbà Ògúnsànyà, ṣe ní òun fẹ́ mọ iye oníbàárà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní. Akíndúró bá a bi ẹ̀rọ. Nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ọ̀pá tó dúró fún ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ ga fíofío, ti Mọ́níyà ò ju ọmọ ìka lọ.

"Ẹ̀rọ ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà Mọ́níyà," ọ̀gá wí. "Tónítọ̀hún bá lọ, a gbé. Ẹ ti ibẹ̀ pa lópin oṣù."

Fúnlọ́lá ò bá a jà. "Ìwọ lo ya àwòrán tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi," ló sọ, kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó dun Akíndúró dé eegun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba Mọ́níyà lọ, ó jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ, Fúnlọ́lá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú kan wọlé.

"Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ mà," Fúnlọ́lá kí i, ó sì tẹ orúkọ náà sínú fóònù tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà. Kò pẹ́ ni obìnrin gíga kan tún dé.

"Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ mà." Fúnlọ́lá tún tẹ orúkọ kan náà.

Akíndúró dìde. "Fúnlọ́lá, Ìyá Ìbejì mélòó lo ní?"

"Wọ́n pọ̀. Ṣé kí n máa pe orúkọ mọ́ abiyamọ lórí ni?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ rò pé gbogbo wọn jẹ́. Èmi náà ò sì bi í ta lẹni náà."

Ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu Fúnlọ́lá, ó sì wá jókòó tì í lórí àpò.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fi nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ tún àwòrán yà, ọ̀pá Mọ́níyà ga ju ti Dùgbẹ̀ lọ. Alàgbà Ògúnsànyà wò ó, ó ní kí ṣọ́ọ̀bù máa báṣẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Akíndúró yíjú sí Fúnlọ́lá.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe ìwọ náà ní ìyá ẹnì kan, ó wù mí kó jẹ́ ìyá ọmọ mi."

Fúnlọ́lá tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ.

"Mo gbọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n fi nọ́ńbà mi sí i o, kí wọ́n má baà pò mí mọ́ ẹlòmíràn."