Ta Ló Dá Òkúta Lóhùn?

Ẹ má ṣe pè é ní àlọ́. Irọ́ kì í ṣe ẹrù tí mo lè gbé. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkúta. Ìkánjú rẹ̀ ti sọ aláìṣẹ̀ kan sẹ́wọ̀n rí. Láti ìgbà náà ni oorun ti kọ̀ ọ́. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Wèrèpè. Ó ti kọ ọkọ sílẹ̀, ó sì búra pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìjà ni tiwọn láti àárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀, bí Òkúta bá pẹ́ dé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Wèrèpè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ pé òun ti ẹ̀gbọ́n ìyá òun mọ́lé láìsí omi, kí òun lè jogún rẹ̀. Ìyá tó tọ́ ọ dàgbà! Wọ́n fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é sínú ọkọ̀, wọ́n wakọ̀ dé ilé àdádó náà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn ọlọ́pàá yòókù," Wèrèpè wí.

"Kí ìyá náà kú?"

"Ìkánjú yín yẹn tún ti dé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó wọlé láìwẹ̀yìn.

Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá yẹ yàrá wò yóò ké pé, "Ó mọ́!" Ẹnì kejì yóò dáhùn pé, "Mo gbọ́!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Ìbínú kò jẹ́ kí Òkúta rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ọ̀daràn inú ọkọ̀.

"Ó mọ́!"

Ilé pa lọ́lọ́. Eruku. Òórùn igi tó ti jẹrà.

"Mo gbọ́!"

Ohùn Wèrèpè ni, láti yàrá ìsàlẹ̀. Ó ti kẹ̀ díẹ̀.

"O ti wọlé?"

"Ọ̀dọ̀ mi níbí ni kẹ́ ẹ máa bọ̀, olówó orí mi."

Òkúta dúró gbagidi. Àyà rẹ̀ já. Inú rẹ̀ sì dùn. Èwo lèwo?

Ó tẹ̀ lé ohùn náà sọ̀kalẹ̀, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn. Ìyá náà wà lórí ẹní, ó ń mí. Ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn.

Ó gbé e jáde. Wèrèpè dúró ti ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo pè yín títí! Mi ò lè fi aṣebi yìí sílẹ̀."

"Ìwọ kọ́ lo pè mí ní olówó orí rẹ?"

Wèrèpè wolẹ̀. "Inú ni mo ti sọ ọ́, ọ̀gá. Kò jáde lẹ́nu mi."

Ìyá náà la ojú. "Ẹ ò ní dúró de àwọn òbí yín?"

"Òbí wo, ìyá?"

"Arúgbó lọ́kọláya tó ń fún mi lómi. Wọ́n fojú jọ yín, ohùn ìyàwó náà sì dà bíi ti obìnrin yìí. Wọ́n ń jà nítorí ta ni yóò gbé ife, wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín."

Wèrèpè na ọwọ́, ó di ọwọ́ Òkúta mú. Òkúta kò já a gbà.

Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn iwájú ilé rọra padé. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan tì í láti inú.