Iye Èèyàn Inú Ilé Dàwódù

Ọ̀dà pupa ti kán sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún nígbà tí Màrdíyyàh kọ́kọ́ rí i. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé bàbá Màrdíyyàh ní Agége, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kun àtíkè fún ọmọ. Ẹsẹ̀ Màrdíyyàh kú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ilé-ìwé tó ń rán fún àwọn ọmọ kan ní Ọgbà já bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ta ni àyà rẹ̀ ò ní já? Ilé tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára ládùúgbò yẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń kẹ́yìn ẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ wó ilé wa?"

Ó yíjú sí i. "Nọ́ńbà lásán ni mo ń kọ. Bàtà mi nìkan ni mo tíì bà jẹ́ látàárọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màrdíyyàh láìròtẹ́lẹ̀. Ó wọlé lọ bu kẹrosíìnì díẹ̀, ó sì mú àkísà wá fún un kó fi nu ẹsẹ̀.

Abdulmumin lórúkọ ọmọkùnrin náà, ara àwọn tó ń ya àwòrán ilé fún àtúnṣe àdúgbò náà ni. Àdúgbò ọ̀hún sì nílò àtúnṣe, ká má parọ́. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti kógbá sílé ní Oregun ni ayálégbé ti ń kó jáde, ṣọ́ọ̀bù ń tì, omi ìdọ̀tí ò ríbi gbà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kí omi ẹ̀rọ máa yọ, kí kẹ̀kẹ́ lè gba àárín àdúgbò kọjá. Gbogbo onílé ló máa padà, iye èèyàn tó wà nínú ilé ni wọ́n sì máa fi pín yàrá.

Ni Abdulmumin bá ń wá wo ògiri yẹn lójoojúmọ́, àfi bí ẹni pé ògiri ń sá lọ.

"Ibí yìí ni ẹ̀rọ ìránṣọ yín máa wà, Àbẹ̀kẹ́," ó wí, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí àwòrán. "Òjò ò ní pa yín níbẹ̀."

"Ta ló sọ oríkì mi fún yín?"

"Ìyá yín ni. Mo fún wọn ní àgbàdo sísun."

"Ẹ fi àgbàdo ra oríkì mi?"

"Àgbàdo yẹn, àsansílẹ̀ ni."

Kí oṣù méjì tó pé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò fi Màrdíyyàh sílẹ̀. "Tí wọ́n bá wó o tán, tí wọn ò kọ́ ọ ńkọ́?" Abdulmumin ò purọ́ fún un. Ó ní ẹ̀rù yẹn ń ba òun náà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí. "Ilé Dàwódù: èèyàn méjì. Yàrá kan." Màrdíyyàh kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Èèyàn méjì kẹ̀! Ilé tó kún fún ọmọ, aya ọmọ, àti ọmọ-ọmọ. Ẹ fẹ́ mọ iye wọn? Èmi náà ò ní kà wọ́n fún yín. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: nígbà tí àwọn tó ń ka èèyàn dé, Bàbá Dàwódù, bàbá Màrdíyyàh, ní, "Èmi àti ìyàwó mi ni," ó sì tilẹ̀kùn.

Òmùgọ̀ kọ́ ni bàbá náà. Nígbà ètò ìkànìyàn kan láyé ọjọ́un, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tayọ̀tayọ̀ ló fi ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún ìjọba. Oṣù yẹn ò tíì parí tí èèyi fi pa méjì nínú wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè iye ọmọ tó bí.

Abdulmumin lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. "Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ni àtúnṣe ìwé orúkọ máa parí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

"Ìwọ lo tún ń wá ọmọ mi fẹ́, ìwọ tó o fẹ́ kà wọ́n fún ikú? Jáde nílé mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abdulmumin sọ fún Màrdíyyàh pé òun á kọ orúkọ wọn, òun á sì fọwọ́ sí i dípò bàbá.

"Má dán an wò," Màrdíyyàh wí. "Wọ́n á lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Tí nǹkan bá sì ṣe ọmọ kan nílé wa lẹ́yìn náà, mi ò ní lè wo ojú ẹ mọ́ láyé." Ó ń sunkún bó ṣe ń wọlé lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, katapílà dé àdúgbò kejì. Ilẹ̀ ń mì, abọ́ ń já bọ́ láti orí pẹpẹ. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ìyá wọn. Bàbá Dàwódù dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè fa ẹyọ kan. Tó bá kà wọ́n, ikú lè gbọ́. Bí kò bá kà wọ́n, ibo ni wọ́n máa sùn?

Bẹ́ẹ̀ ni Abdulmumin wọlé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

"Ẹ má kà wọ́n, Bàbá. Ẹ kàn pè wọ́n, bí ẹ ṣe máa ń pè wọ́n jẹ sààrì. Orúkọ ni màá kọ."

"Àwọn tó wà lọ́fíìsì ńkọ́? Wọn ò ní kà á?"

"Wọ́n á kà á. Ìwé ni wọ́n máa kà, Bàbá, kì í ṣe ọmọ yín."

"Ìwọ ò bẹ̀rù ni?"

"Mo ń bẹ̀rù. Ẹnì kan wà nínú wọn tí mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe."

Bàbá náà fi tẹ̀sùbáà sápò. "Bísímílláhì," ó wí. "Shuaib."

"Náàmù, Bàbá."

"Uswat. Àbdùlgàfár."

Ó ń pè, wọ́n ń jẹ́, bírò ń rìn lórí ìwé. Bó bá ti pe ọ̀kan, á wo ojú ẹni náà títí kó tó pe òmíràn. Nígbà tó pe ẹni ìkẹyìn tán, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Màrdíyyàh gbà pé bàbá òun ti kọ òun lọ́mọ nítorí ọkùnrin. "Bàbá, ẹ ò pè mí."

"Àwọn tó máa padà síbí ni mo pè," Bàbá Dàwódù wí. "Ìwọ ò ní padà síbí." Ó na ìwé náà sí Abdulmumin. "Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n tètè wá rí mi. Iwájú ilé yìí ni mo ti fẹ́ so yìgì ọmọ mi, kí wọ́n tó wó o."

Abdulmumin gba ìwé náà lórí ìkúnlẹ̀. Màrdíyyàh wá kúnlẹ̀ tì í. Katapílà tún bú, eruku ń dà lé wọn lórí láti òkè àjà.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí," Màrdíyyàh sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń ba èmi náà. Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù ẹ̀."

Abdulmumin di ọwọ́ Màrdíyyàh mú níṣojú bàbá rẹ̀. Bàbá náà sì yíjú, ó ń wo ògiri.