Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Wannes

Ọjọ́ tí Griet kọ́kọ́ rí Wannes, ṣe ló ń yí bọ̀ látorí òkè Koppenberg, kẹ̀kẹ́ lókè, òun nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ bò ó débi pé màlúù tó ń jẹko nítòsí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí i bí ẹ̀gbọ́n.

Griet ló ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀, Roland, ń kọ́ fún eré ìje, Wannes sì wà lára wọn. Ó fà á dìde, ó bi í bóyá ẹrẹ̀ náà dùn.

"Iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó," ni Wannes fèsì. "Bá mi mú un wá lọ́la."

Ó mú un wá lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀dùnkún dídín. Ìfẹ́ wọn gbóná débi pé yìnyín kò lè balẹ̀ sórí òrùlé wọn mọ́.

Nígbà òtútù, Roland ní ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú wọ ẹgbẹ́ ńlá, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù lójú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára. Àlá Wannes láti kékeré nìyẹn. Inú pẹ́dà òsì ni ẹ̀rọ náà wà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń wọ̀n, á wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bí ẹni pé ìbejì ni ẹsẹ̀ méjèèjì. Nọ́ńbà Wannes tó láti tan iná fún gbogbo ìlú Oudenaarde, kó sì ṣẹ́ kù tí wọ́n á fi din ọ̀dùnkún. Roland gbá a mọ́ra, ó ń pè é ní ọkọ ọmọ òun.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Griet ti mọ̀. Itan ọ̀tún Wannes, tó kán lọ́dún tó kọjá, ti gbẹ bí igi ìdáná. Ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, orúnkún rẹ̀ sì ti wú. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní lè rìn mọ́.

"Tí o bá sọ fún bàbá ẹ, o pa mí."

"Tí mi ò bá sọ, èmi náà ni mo pa ọ́."

Ó sọ. Roland fi pẹ́dà tó ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì sí kẹ̀kẹ́ náà, nọ́ńbà sì já bọ́ bí ẹyin látorí àjà. Ẹlòmíràn ló wọ ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí Wannes bá rí Griet lọ́nà, kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìgbà tí òdòdó yọ ni Wannes tó wá kanlẹ̀kùn Griet.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Mo gbìyànjú kí n kórìíra ẹ, kò ṣeé ṣe. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Gbé ìbínú ẹ wọlé, òtútù ń mú un."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, eré kẹ̀kẹ́ gba iwájú gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti fẹ́ so wọ́n pọ̀. Tòun ti òdòdó lọ́wọ́ ìyàwó, àwọn méjèèjì ní láti dúró lẹ́bàá títì. Ẹni tó gba àyè Wannes ló ń ṣáájú; gbogbo ìlú ń hó. Wannes kọjú sí ògiri.

Griet ti ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀. Wannes kò dì í mú. Kò sì tì í dànù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, kí wọ́n tó sọdá lọ di tọkọtaya.