Ohùn Bàbá Káfíńtà

“Gọgọrọ, mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yẹn dání, ká máa lọ.”

Gọgọrọ rọra mú un. “Lọ síbo, Mọ́mì? Ṣebí ọ̀la ni ìpàdé?”

“O ti gbàgbé ìṣe mi ni? Mi ò ní jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ ohùn olóògbé kí ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ ọ.”

Ó ti gbàgbé lóòótọ́. Olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn ni ìyá rẹ̀ ní yunifásítì. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń gba ìtàn ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ fún yàrá ìkàwé tó dá sílẹ̀ ládùúgbò, Gọgọrọ ló sì ń bá a tọ́jú àwọn ohùn náà. Lọ́la, níbi ìpàdé tí àwọn ará àdúgbò fẹ́ fi yẹ́ ẹ sí torí ó ń fẹ̀yìn tì, ohùn Bàbá Káfíńtà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ohùn náà ò sí mọ́. Gọgọrọ ti pa á rẹ́ tipẹ́, níbi tó ti ń wá àyè tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa gba orin sí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó jẹ́wọ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Ayékòótọ́ torí kò sẹ́ni tí kò lè sín jẹ, ló bá a ṣe ohùn Bàbá sínú ẹ̀rọ náà. “Ikọ́ díẹ̀, ohùn híhá díẹ̀, ó parí! Ta ló máa mọ̀?”

Nígbà tí Gọgọrọ àti ìyá rẹ̀ dé ilé Bàbá Káfíńtà, opó rẹ̀ ti wọ aṣọ tó dáa dè wọ́n. Ó fa àga ọkọ rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbàgbé bó ṣe ń sọ̀rọ̀,” ó ní. “Ẹ tàn án, Tíṣà.”

Gọgọrọ fọwọ́ bo ẹ̀rọ náà. Tó bá dákẹ́, ìyá arúgbó yìí á máa fi ohùn aláwàdà kan ṣe ohùn ọkọ rẹ̀ títí ayé.

“Mọ́mì, ẹ dúró! Kì í ṣe Bàbá ló wà níbẹ̀.”

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bojú.

“Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, à bá ti padà lọ bá a. Ó ṣì wà láyé nígbà yẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Gọgọrọ ju ẹgba lọ. Ìyá àgbà sunkún títí, ó nu ojú.

“Ìwọ lo di ẹ̀rọ mú nígbà tó ń sọ̀rọ̀, àbí? Kí ló sọ nípa mi?”

Gọgọrọ ronú. Fóònù ló ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Ó ní àga tóun kọ́kọ́ kàn wó mọ́ yín nídìí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó kan òmíràn. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun di káfíńtà.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín tomijétomijé. “Òun gan-an nìyẹn! Ìyókù ńkọ́?”

“Mi ò rántí mọ́, Mà.”

Lọ́jọ́ kejì, Gọgọrọ dìde fúnra rẹ̀ níwájú èrò níbi ìpàdé náà, ó sọ ohun tó ṣe, ó sì sọ ìtàn àga náà. Kò ju ìyẹn lọ tó ṣẹ́ kù.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe yín nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Òótọ́ tó pẹ́ kó tó dé ò dá ohùn Bàbá Káfíńtà padà.