Àwọn Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ìbàdí ni ọmọbìnrin náà fi tẹ etí ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó wá ń lọ aṣọ bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀, ó sì ń kun orin kan lábẹ́lẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé alágbàfọ̀ ńlá kan, tó sì gbàgbé ohun tó ń wá bọ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara níṣẹ́ ló rán ọmọbìnrin náà wá síbẹ̀ kó wá kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì dán an wò. Jẹ́jẹ́ náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Òun ló ń rán bọ́tìnnì tó bá já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ o, ẹnu rẹ̀ ò rọ rárá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìbàdí yẹn ò ní jóná báyìí?”

“Háà! Ẹ wo ẹni tó ń wo ìbàdí oníbàdí láàárọ̀ kùtù!”

“Áyọ́ọ̀nù ni mo ń wò ní tèmi.”

“Irọ́ lẹ pa.”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti parí fún Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti ń pè é ní Adúmáadán, wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo ilé iṣẹ́ sì ti mọ̀, àyàfi àwọn méjèèjì tó rò pé àwọn ń fi pamọ́.

Ibẹ̀ ni Adúmáadán ti sọ tinú rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ ló ṣì ń bá a di bọ́tìnnì, ó ń bá a ya irun, ó ń bá a gé oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá. “Màmá mi ní tí wọn ò bá gbà mí síbí, ó tó gẹ́ẹ́. Kí n wá jókòó sílé kí wọ́n máa tọ́jú mi. Jẹ́jẹ́, tí mo bá padà jókòó sínú ilé yẹn, mi ò ní jáde mọ́ láéláé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jẹ́jẹ́ lára. Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọ̀gá, obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, kó òkìtì ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún Adúmáadán. Ó gbọ́dọ̀ lọ̀ wọ́n tán kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ọ̀sán ti pọ́n, òkìtì ò tíì dín tó, ni tíṣà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní kó wá bá òun sọ̀rọ̀ níta. Jẹ́jẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yí kẹ̀kẹ́ sídìí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ wọ́n.

Nígbà tí Adúmáadán padà wọlé, tí Ọ̀gá sì dé, iṣẹ́ ti parí. “Ó dáa! Ó dáa gan-an ni! A gbà ọ́.” Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Adúmáadán wo òkìtì náà, ó wo Jẹ́jẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà mí. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì òkè yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.”

Ọ̀gá, tó ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lẹ́nu tíṣà, ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí ìyá náà wá wò ó.

Jẹ́jẹ́ sáré yí kẹ̀kẹ́ bá a níta. “Kí ló dé tí o fi ba tara rẹ jẹ́? Torí pé mo fẹ́ràn ẹ ni mo ṣe ṣe é!”

“Màmá mi náà fẹ́ràn mi,” ló sọ, ló bá lọ.

Jẹ́jẹ́ tó máa ń gbaná jẹ bí ẹnikẹ́ni bá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ ló wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíì! Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í.

Lọ́jọ́ kejì ó dúró dè é lẹ́nu géètì. “Adúmáadán, má bínú. Mo ṣe ohun tí mi ò ní gbà kí wọ́n ṣe sí mi.”

“Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi ná.”

Ìyá jókòó sórí àga, ó di báàgì mú gírígírí. Ọmọ ń lọ̀, ó ń ká, ó ń tò wọ́n. Lójijì ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá fò dìde. Jẹ́jẹ́ yí kẹ̀kẹ́ dí i lọ́nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jẹ́ kó gbé e fúnra rẹ̀.”

“Ìwọ ta ni?”

“Èmi ni mo ràn án lọ́wọ́ lánàá, mà. Díẹ̀ ló kù kí ó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ìyá wò ó títí, ó padà jókòó. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un lọ̀. Ó ń lọ ìyókù títí òkìtì fi tán. Ọ̀gá yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára.

“O bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Má pẹ́ o!”

Adúmáadán wá dúró níwájú Jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ ń gbọ́. “Ó yá, elẹ́nu. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ẹnu tí kì í rọ wá rọ lọ́jọ́ náà. Orí ló fi dáhùn, ó ń mì ín lemọ́lemọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

“Ta ni yóò máa tọ́jú yín?” Ìyá bèèrè.

“Àwa náà ni, Màmá. Ẹ̀yin ẹ máa wá kí wa, kí ẹ jókòó, kí a ṣe yín lálejò,” ni Adúmáadán dáhùn.

Ìyá dìde. Ó lọ sídìí tábìlì, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó fi ìka tọ kọ́là rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbé e sókè.

“Ọkọ ìyàwó, sún mọ́bí. Ṣé o rí i?”

“Mo rí i, mà.”

“Ọmọ mi ló lọ̀ ọ́. Òun nìkan.”