Wákàtí Kan Lóko Tí Wọ́n Tì Pa

Àgbàdo tó fẹ́ gbẹ ló mú Sanmí dé ọ̀dọ̀ Rùqáyyàh.

Àgbàdo náà kì í ṣe ti orí ilẹ̀. Inú fóònù ló wà, nínú géèmù oko kan tí Najeem ọkọ rẹ̀ fi owó rà, tó sì fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, tó bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá Najeem lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìwó. Kò dé ilé ìwòsàn. Wọ́n sin ín sí Lalupon lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀, Rùqáyyàh sì di opó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, láìtíì bímọ.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ó tan fóònù olóògbé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣeré. Ó kàn fẹ́ rí ohun tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Géèmù náà ṣí, ó rí oko, ó rí ahéré, ó sì rí ọkùnrin kan tó dúró létí ọgbà pẹ̀lú garawa omi. Ọ̀rọ̀ wà lókè orí ọkùnrin náà.

"Najeem, ṣé o rìnrìn àjò ni? Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń bá ọ bomi rin àgbàdo yìí. Èmi Sanmí, aládùúgbò rẹ ni."

Rùqáyyàh wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá fara balẹ̀ tẹ èsì.

"Èmi kọ́ ni Najeem. Ìyàwó rẹ̀ ni mí. Najeem ti kú."

Ọkùnrin inú fóònù gbé garawa kalẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé garawa rẹ̀, ó bomi rin èyí tó kù, ó sì lọ.

Ẹni tí kò tíì ṣe opó rí lè rò pé ẹkún ló le jù níbẹ̀. Irọ́ ni. Ìjókòó ló le. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ìddà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àáfà ṣe ń pè é. Opó kì í rìn jáde, kì í lé tìróò, ọkùnrin kì í sì í bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyá Najeem, tí wọ́n jọ ń gbé, a máa lọ yan gàrí láàárọ̀ níbi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Àwọn tó wá kí Rùqáyyàh ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó dá wà débi pé bí ẹnìkan bá kí ẹlòmíràn lójú títì, òun náà á jẹ́ ẹ nínú yàrá.

Ìdí nìyí tó fi ń padà síbi oko inú fóònù. Sanmí náà ń wá, lọ́sàn-án, nígbà tó bá sinmi iṣẹ́. Ẹ̀rọ amúnáwá ló ń tún ṣe. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni. Òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú, ó sì jẹ́wọ́ fún un pé òun a máa tan rédíò kalẹ̀ bí òun bá ń jẹun, kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé.

Géèmù náà ní àléébù méjì. Èkíní, bí kò bá sí nétíwọ́ọ̀kì, kò ní ṣí, bó ti wù kí owó tí o san pé tó. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun ni gbogbo oko náà wà, ibẹ̀ ni fóònù ti ń lọ wò ó. Najeem a máa bínú sí i pé, "Mo ti rà á. Ṣé èmi àti ẹni tó tà á la ó jọ máa lò ó ni?" Èkejì, nítorí àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Bí o bá tẹ nọ́ńbà, yóò di ìràwọ̀ wẹ́wẹ́.

"Òjò ti ṣú níbí," Sanmí kọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

"Níbí náà."

Kí ó tó tẹ òmíràn, òjò ti dé, nétíwọ́ọ̀kì lọ, oko àwọn méjèèjì sì tì. Lọ́jọ́ kejì, Rùqáyyàh ní, "Ó jọ pé a ò jìnnà síra wa."

"Má sọ ilé rẹ fún mi."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá wá."

Inú Rùqáyyàh dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì nínú ilẹ̀. Ó da ojú fóònù dé sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìddà ku nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, Sanmí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, kò gbé garawa.

"Rùqáyyàh, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò yẹ kí wọ́n sọ fún opó. Bí mo bá ń wá báyìí, á jábọ́ lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ kó bá ọ nínú ẹ̀sìn rẹ. Jẹ́ kí n kúrò níbí títí ìddà á fi parí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o bá jáde, wàá bá mi níbí."

"Ṣé o mọ iye ọjọ́ rẹ̀?"

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ti kà á."

"Màá máa retí rẹ."

"Ó dàbọ̀, aládùúgbò mi àtàtà."

Ó lọ lóòótọ́. Ọkùnrin tó bá lè ṣèlérí kó sì lọ bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Rùqáyyàh ì bá fẹ́ kó má tilẹ̀ ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ni ìkéde pupa kan yọ lójú géèmù: ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ilé iṣẹ́ náà yóò ti géèmù yìí pátápátá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọn ṣeré. Rùqáyyàh ka ọjọ́ lórí ìka. Ó tún un kà. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ni ìddà òun ń parí. Ọjọ́ méjì ṣì kù nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tó fún ẹni tó ní òun ti ka ọjọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, Ìyá ṣe àdúà fún un, ó sì jáde síta fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ta á lójú. Kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ló jókòó sí, ó ṣí géèmù.

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà oko.

Ó dúró títí bátìrì fi kú. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí iwájú oko Sanmí nínú géèmù, níbi tí pátákó ìkọ̀wé wà. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀, kò lo òǹkà, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi kọ ọ́ láti òdo dé ẹẹ́sàn-án, géèmù kò sì mọ ohun tó kọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti jáde o. Wọ́n fẹ́ ti ibí." Sanmí kò wá. Lọ́jọ́ kẹjọ, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, àgbàdo lọ, ahéré lọ, pátákó lọ. Ojú fóònù di funfun, ó sọ fún un pé ó ti parí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó yé e. Ó jókòó sí pálọ̀, ojú rẹ̀ wú, ó ń wo kàlẹ́ńdà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún Ìyá. Àwọn tó jẹ́ mùsùlùmí nínú yín á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ìddà, kì í sì í ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, nígbà mìíràn kì í tó o. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ Kérúbù? Oṣù ara ògiri ni Sanmí fi kà á. Nínú ìṣirò tirẹ̀, ọjọ́ kọkànlá ni opó yóò jáde. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì wọ inú géèmù mọ́, kò rí ìkéde. Yóò dé lọ́jọ́ Jímọ̀ láàárọ̀, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni dúró de òun.

Rùqáyyàh sunkún lọ́jọ́ náà ju bó ti sunkún láti ìgbà tí wọ́n ti sin Najeem.

Jímọ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn ìrun, Ìyá pè é. Lìádì, àbúrò Najeem, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Rùqáyà, ọmọ mi," Ìyá ní, "o ò ṣẹ̀ wá. A ò fẹ́ kí o ti ọwọ́ wa bọ́. Lìádì rèé. Ó níyàwó kan, àyè ṣì wà."

"Mi ò ní jẹ́ kí ìyà jẹ yín," Lìádì sọ wẹ́rẹ́. Èèyàn dáadáa ni.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Lìádì. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹnìkan wà lọ́kàn mi."

Ìyá wò ó. "Ta ni?"

"Sanmí ni wọ́n ń pè é."

"Ọmọ ibo?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Mi ò tíì rí i."

Lìádì gbójú sókè. Rùqáyyàh sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi Kérúbù pa mọ́. Bó ti ń sọ ọ́ lójú èèyàn, òun náà gbọ́ bó ṣe ṣófo tó.

"Ọkùnrin tó wà nínú fóònù, tí fóònù tún ti gbé mì," Ìyá ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo gbọ́. Mú un wá kí oṣù keje yìí tó parí, ká jókòó ká sọ ti ẹ̀sìn. Bí o ò bá rí i, wàá fún Lìádì lésì."

Ọ́fíìsì kékeré kan wà ní Ìyànà Ọ̀fà tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, ọjọ́ Túsìdeè nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Títíladé ló wà níbẹ̀. Rùqáyyàh fi rìsíìtì Najeem hàn án nínú fóònù.

"Ẹ san owó géèmù yìí pé, wọ́n sì tì í mọ́ yín?" Títíladé béèrè.

"Wọ́n tì í. Ọkọ mi rò pé ó ti di tirẹ̀."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. A máa bá wọn jà á, wọ́n á dá owó yín padà."

"Mi ò fẹ́ owó."

Títíladé gbé bírò sílẹ̀. "Kí lẹ wá fẹ́?"

"Kí wọ́n ṣí i fún wákàtí kan."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Rùqáyyàh ń bá Ìyá yan gàrí, èèfín ń wọ̀ ọ́ lójú, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ yí i ká, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti jáde nínú opó, kò sì tíì jáde nínú yàrá yẹn. Nígbà mìíràn ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé Sanmí tilẹ̀ wà láyé, tàbí òun ló fi àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ dá a.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ló padà lọ. Ó ku ọjọ́ méjì kó fún Lìádì lésì. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀. Rùqáyyàh kí i, ó kí i padà.

"Mo ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá," Títíladé ní, "nítorí ilé iṣẹ́ kan náà lẹ pè lẹ́jọ́. Èsì wọn rèé. Wọ́n ní ohun tí ẹ rà kì í ṣe oko, àyè láti wọlé lẹ rà, àwọn sì lè tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Ó ti wà nínú àdéhùn tí ẹ tẹ̀ pé ẹ gbà. Wọ́n á dá owó padà. Wọn ò ní ṣí i, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Rùqáyyàh di etí bẹ́ǹṣì mú. 

"Mo ti ní mi ò gba owó," ọkùnrin náà sọ.

"Mo mọ̀, bọ̀dá. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ka ẹjọ́ yín kí n tó pa fáìlì dé." Títíladé gbé ìwé rẹ̀ sókè. "'Mo ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnìkan níbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù keje. Mo dé, mo bá a ní títì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i díẹ̀, kí n lè sọ fún un pé mo wá.'"

Rùqáyyàh kò lè yíjú. Ògiri ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ kẹfà ni. Oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka ìddà. Mo dúró dè yín fún ọjọ́ mẹ́ta."

Títíladé gbé ìwé náà sílẹ̀. Lójú títì, awakọ̀ kan ń pe èrò Ìbàdàn.

"Rùqáyyàh?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà dìde, ó tún jókòó. "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn èèyàn yín. Níbikíbi tí ó bá jẹ́. Lónìí."

"A máa lọ. Wọ́n máa sọ̀rọ̀ gan-an nípa Kérúbù yín."

"Kí wọ́n sọ ọ́ níṣojú mi."

Omi ti dà lójú Rùqáyyàh, kò nù ún. "Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ ná," ó ní. "Láti ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, mi ò tíì jókòó ti ẹnikẹ́ni."

Sanmí sún fún un lórí bẹ́ǹṣì náà.